Ìwé Ẹ̀rí Yìí, Ọ̀dọ̀ Ta Ló Ń Lọ? Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Ọjọ́ ọjà Ouando ni Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́kadà ti dí gbogbo ẹnu ọ̀nà pa. Ó gbé fáìlì aláwọ̀ ewé kan dání. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó ń kọ́ máàsítà (oyè kejì) lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sí wọn kiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣa mẹ́ta sọ́tọ̀. Ẹ wá bá mi mú ọ̀kan." Mo jókòó, mo sì bá a mú ọ̀kan. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo sì ṣe é.

Ìyá Ìbejì kì í ṣe orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti ka àkọsílẹ̀ yìí kí n tó gbé e jáde. Mo kọ ọ́ nítorí àwa tí à ń bá àwọn ọ̀dọ́ wá ilé-ẹ̀kọ́. A máa ń sọ ti ẹni tó yege, a kì í sábà sọ ibi tí àwa fúnra wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti èèyàn sínú kòtò.

Ọmọ Kétu ni, ẹni ọdún 31 nígbà náà. Ó gba lísáǹsì, ìyẹn oyè àkọ́kọ́, ọlọ́dún mẹ́ta nínú ìmọ̀ omi, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà ní ọ́fíìsì kan ní Àjàṣẹ́ tó ń yàwòrán iṣẹ́ omi, tó sì ń bójú tó o: kànga ẹlẹ́rọ, táńkì orí òpó, páìpù abẹ́ ilẹ̀. Ká sòótọ́, iṣẹ́ olórí ló ń ṣe. Òun ló ń lọ sí sáìtì, òun ló ń ṣírò bí páìpù yóò ṣe fẹ̀ tó, òun sì ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè lóru tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò fa omi. Ṣùgbọ́n tí ọ́fíìsì náà bá ń du iṣẹ́ ìjọba, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ sí ipò olórí iṣẹ́, torí pé onítọ̀hún ní bac+5 (ọdún márùn-ún ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí girama tí à ń pè ní bac), òun sì ní bac+3. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní Ṣábẹ̀, ìgbà ìsinmi nìkan ló ń wálé. Ìyá rẹ̀ ló ti Kétu wá bá a tọ́jú àwọn ìbejì. Kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ máa jókòó ní kíláàsì ní Abomey-Calavi, owó oṣù rẹ̀ tó jẹ́ 280,000 sẹ́fà ni ilé dúró lé. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣẹ́ kù.

Nínú ìwé mẹ́ta tó kó wá, ọ̀kan jẹ́ máàsítà ti Amẹ́ríkà, kírédì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀kọ́) 30, owó rẹ̀ 24,000 dọ́là. Èkejì jẹ́ MSc (máàsítà) ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kírédì 180, ọdún méjì ààbọ̀, 9,600 pọ́n-ùn. Ẹ̀kẹta jẹ́ máàsítà tí wọ́n ń fi èdè Faransé kọ́, ti ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kírédì 120, sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin, 2,600,000 sẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣòro fún un. Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń rajà fún ọdún pípẹ́, ibẹ̀ lòun náà sì ti ka ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo fa tábìlì sórí bébà: òkìkí ilé-ẹ̀kọ́, iye owó, èdè. Mo kọ́kọ́ lé ti Amẹ́ríkà dànù. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, aago rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, nítorí kíláàsì tí wọ́n kọ "aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́" sí ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, aago mọ́kànlá sì ni tí wọ́n bá ti yí aago wọn padà ní oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì yàtọ̀. Mo ní n kò rí ẹ̀kọ́ náà lórí àkójọ ABET, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ẹnjinníà wò ní Amẹ́ríkà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ báyìí. Oyè àkọ́kọ́ ni ABET sábà máa ń yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ máàsítà ẹnjinníà ní Amẹ́ríkà, títí kan ti àwọn yunifásítì tí gbogbo ayé mọ̀, kò sí lórí àkójọ yẹn, kò sì sí àbùkù kankan lára wọn. Bóyá yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ní ìfọwọ́sí ni ó yẹ kí n wò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ṣẹ̀ ni mo dá lẹ́bi.

(Àwọn kan yóò béèrè pé, ti Georgia Tech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tí owó rẹ̀ kéré ńkọ́? Ní ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí. Lóòótọ́, láti 2014 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ máàsítà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 7,000 dọ́là lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó ń ṣírò táńkì omi kò lè torí ẹ̀dínwó lọ gba ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà.)

Ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, n kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní ìdí kan gúnmọ́. Mo kàn rò ó lọ́kàn pé ti ilẹ̀ òkèèrè á níyì jù. Bí a ṣe mú ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Wọ́n gbà á wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì san àsansílẹ̀ 500 pọ́n-ùn, nǹkan bí 380,000 sẹ́fà. Owó àjọ tó fẹ́ fi ra mọ́tò ni.

Lọ́jọ́ kẹrin tó sanwó ni wọ́n ní kó wá dán ètò ìdánwò wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé alámòójútó kan yóò máa wo akẹ́kọ̀ọ́ láti inú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ìparí oṣù karùn-ún, àsìkò òjò. Mo lọ bá a nílé kí n lè rí bó ṣe máa rí. Yàrá rẹ̀ dára, ó gbá a mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n páànù ló wà lórí rẹ̀, kò sí àjà. Wọ́n ní kó gbé kọ̀ǹpútà yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kó fi abẹ́ tábìlì hàn, kó ká gèlè sókè kí wọ́n lè rí etí rẹ̀. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Bó ṣe ń dáhùn ìbéèrè kẹta ni òjò ṣú, tó sì já bọ́ lójijì. Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ páànù rí mọ ohun tí mò ń wí. Àpótí pupa kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé òun ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn nínú yàrá. Kó tó ka ìyẹn tán, ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé, ó gbé bàsíà wá gba ibi tó ń jò ní kọ̀rọ̀. Ó rí ojú alámòójútó náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiyín náà?"

Wọ́n ti ìdánwò náà pa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnìkejì wà nínú yàrá. Láìpẹ́, iná náà lọ.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gun mọ́tò padà sílé, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ìgbà mẹ́jọ ni yóò ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì ààbọ̀, òfin wọn sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá ti pa tirẹ̀ lẹ́nu báyìí, ìgbìmọ̀ ni yóò lọ dúró níwájú rẹ̀. Mo ti béèrè èdè, mo ti béèrè owó. N kò béèrè irú òrùlé tó wà lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, òjò yẹn kọ́ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Fáìlì ni.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ìyá Ìbejì sọ fún akọ̀wé ọ́fíìsì wọn, obìnrin àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, pé òun ti bẹ̀rẹ̀ máàsítà. Àǹtí yìí ló ń to ìwé ìdíje iṣẹ́ ìjọba. Ó mọ fáìlì tó wọlé, ó mọ èyí tí wọ́n dá padà, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi dá a padà. Kò bi í léèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ní, "Ìwé yẹn, bac+ mélòó ni wọ́n máa kọ sí i lára?" Ìyá Ìbejì kò lè dáhùn. Àǹtí bá fa ìwé ìpè ìdíje mẹ́ta àtijọ́ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kó gbé wọn lọ kà nílé.

Àwa méjèèjì la jọ kà wọ́n ní yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kan béèrè olórí iṣẹ́ tó jẹ́ ẹnjinníà omi tàbí ti ìkọ́lé, bac+5, tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ bá a dọ́gba. Èkejì béèrè bẹ́ẹ̀ náà, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù. Ó ní ọdún ìrírí, láti ọjọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí bac+5 ni àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Gbogbo ọdún mẹ́fà tí Ìyá Ìbejì ti lò lábẹ́ oòrùn kò já mọ́ nǹkan kan lójú ìwé yẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti wá jókòó ṣírò ohun tó yẹ kí n ti ṣírò lọ́jọ́ ọjà Ouando. Lọ́dọ̀ wa, lísáǹsì jẹ́ kírédì 180, máàsítà jẹ́ 120, àpapọ̀ rẹ̀ 300, ìyẹn ni bac+5. MSc ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọ 180 sára, ojú mi sì fò ó pé ó ju 120 lọ. Ṣùgbọ́n kírédì wọn kì í ṣe kírédì wa. Méjì tiwọn ni ọ̀kan tiwa. 180 wọn di 90. 180 pẹ̀lú 90 jẹ́ 270. Ọgbọ̀n kírédì ló ń wò wá lójú lórí tábìlì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé wọn kò ní gba ìwé náà níbí. Ó túmọ̀ sí pé ìgbìmọ̀ kan ni yóò jókòó lé e lórí, pé yóò kó ìwé jọ, pé yóò dúró, pé kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí èsì fún un kó tó ná mílíọ̀nù méje sẹ́fà. Àwọn tó ń ṣí àpòòwé ìdíje kì í sì í dúró de ìgbìmọ̀. Àǹtí sọ ọ́ fún mi lórí fóònù: "Ọ̀sán kan péré ni wọ́n fi ń ka fáìlì ogún. Tí wọ́n bá ní láti ronú lórí ìwé rẹ, wọ́n ti gbé e tì nìyẹn."

Mo padà lọ ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà dáadáa, èyí tí mo ti fò lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹgbẹ́ àwọn ẹnjinníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké, ìfọwọ́sí náà wà fún ẹni tí oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ pàápàá ti ní irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀. Lísáǹsì Ìyá Ìbejì kò ní in. Ohun tí a tìtorí ẹ̀ gbé e gẹ̀gẹ̀, kò kàn án rárá.

Ìwé àdéhùn wọn fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yí ọkàn padà. Lọ́jọ́ kọkànlá ni ó kọ̀wé sí wọn. Wọn kò bá a jà, wọ́n dá owó náà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ṣùgbọ́n owó báńkì àti ìyípadà pọ́n-ùn jẹ 28,000 sẹ́fà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá: sẹ́fà so mọ́ owó yúrò láti 1999, yúrò kan jẹ́ 655.957, kì í yẹ̀. Ẹni tó ń sanwó ẹ̀kọ́ ní yúrò tàbí ní sẹ́fà mọ iye tí yóò san lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ń san pọ́n-ùn tàbí dọ́là kò mọ̀.

Ló bá ku ìwé kẹta, èyí tí mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn la ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ wá a lọ́dọ̀ CAMES, ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Madagásíkà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lásán, nítorí náà mo wá orúkọ máàsítà yẹn gan-an. Mo rí i. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìbejì gbé ìwé náà lọ bá Àǹtí, ó ní, "Tí mo bá mú irú èyí wá ńkọ́?" Àǹtí wo kírédì, ó wo iye sẹ̀mẹ́sítà, ó ní, "Mú un wá." Ìdáhùn tí à ń wá láti ọjọ́ kìíní nìyẹn, kò sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Kò rọrùn fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìpìlẹ̀ lísáǹsì rẹ̀ kò tó níbi ìṣirò, wọ́n fi oṣù mẹ́rin ẹ̀kọ́ àfikún lé e lórí kó tó bẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Ó bínú. Ó ní òun ti ń kọ́ táńkì kí àwọn kan lára àwọn tó ń kọ́ òun tó fọwọ́ kan páìpù. Èmi náà rò pé ó jàre, àfi ìgbà tí ẹ̀kọ́ tí àwọn Faransé ń pè ní coup de bélier dé. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé, tí iná bá lọ lójijì tí ẹ̀rọ sì dúró, omi tó ń sáré nínú páìpù kò ní ibi tí yóò lọ, ló bá ń fi orí gbá páìpù. Tí omi tó ń sáré mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bá dúró lójijì nínú páìpù irin, agbára rẹ̀ lè fò sókè tó ti omi tó ga tó mítà 100. Ìyá Ìbejì ti fojú ara rẹ̀ rí páìpù tó bẹ́ nítorí rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń dún, bí ẹni gbá irin mọ́ irin. Síbẹ̀, ó gba 7 nínú 20 nínú ìdánwò náà, nítorí pé ìdọ́gba ìṣirò ni wọ́n béèrè, kì í ṣe ìròyìn. Ó tún un ṣe, ó gba 13. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ń fi fáàfù sí ibi tí kò yẹ láti bí ọdún mẹ́rin.

Ti ìdánwò náà wá rọrùn. Orí bébà ni, ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọnu, lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Kíláàsì alẹ́ náà kò pa á lóorun, aago ìlú wọn fi wákàtí kan péré kẹ́yìn tiwa, wọ́n sì ń gba ohùn àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí a kò rí ṣe. Ìwé ìdíje tó dà bí ẹ̀kẹta yẹn, tó ń ka ọdún láti ọjọ́ ìwé ẹ̀rí, yóò ṣì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ fún un kó tó san kọ́bọ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá dúró, ṣé ọdún náà á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀?" Ó sanwó lọ́jọ́ kejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: mo ti ya bébà tí mo fi ń gba àlejò tẹ́lẹ̀. "Ilé-ẹ̀kọ́ wo lo fẹ́?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀. Èyí tí mò ń lò báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwé náà ń lọ ló ti bẹ̀rẹ̀, n kì í sì í kọ "iléeṣẹ́" síbẹ̀, ipò ẹni náà ni mò ń kọ: akọ̀wé ìdíje, olórí òṣìṣẹ́, ìgbìmọ̀ oyè dókítà. Mo máa ń ní kí wọ́n bá mi mú ìwé kan wá tí ẹni náà ti kọ rí, tó fi béèrè ohun tó fẹ́. Ẹni tí kò bá rí ìwé bẹ́ẹ̀ mú wá, n kì í bá a ṣí ojú-ewé ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Mo máa ń yí kírédì padà sí tiwa kí n tó wo owó. Mo sì máa ń lọ sílé rẹ̀. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń wo òrùlé bí ẹni fẹ́ ra ilé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó le ni pé àwọn kan nínú wa ń gba owó lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè. N kò gbà á lórí ti Ìyá Ìbejì, mo sì tún ṣàṣìṣe. Ẹni tó ń gbà á, báwo ni yóò ṣe rí ọgbọ̀n kírédì tó sọ nù?

Sẹ̀mẹ́sítà kẹrin ló wà báyìí. Ọ́fíìsì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò igbákejì olórí lórí iṣẹ́ omi kan ní agbègbè Kétu, ìlú tí omi ti ṣọ̀wọ́n láti ayébáyé. Iṣẹ́ náà ló fi ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀: táńkì orí òpó kan, àti ibi tó yẹ kí fáàfù wà. Orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Wọ́n fi ọjọ́ náà sí oṣù kẹfà, àárín òjò. Ó ti lọ bẹ Àǹtí pé kó yá òun ní yàrá rẹ̀ fún ọ̀sán kan, nítorí pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kọnkéré ló sì wà lórí rẹ̀.